Ilé ìwé ìjọ wo ló yẹ ọmọ tó ní ìpèníjà n'Ìbàdàn? Ìfiwéra fún òbí

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, bí a ṣe ń jáde ní ìsìn, ìyá kan fà mí lápá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún, kò tíì sọ̀rọ̀, kì í sì í wo ojú ẹni. Ilé ìwé mẹ́ta ti dá a padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, nínú gbogbo ilé ìwé ìjọ tó wà n'Ìbàdàn yìí, èwo ló dáa jù?"

N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ ilé ìwé. Ọdún kẹrìnlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni pé "ilé ìwé ìjọ" tí ó ń wí yẹn, oríṣi márùn-ún ó kéré tán ló ń jẹ́ orúkọ kan náà ní ìlú yìí, wọn kò sì jọra rárá. Ohun tí mo sọ fún un lẹ́yìn náà, nígbà tó wá bá mi nílé, ni mo kọ síbí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ ná. Ẹ gbé e lọ sí UCH ní Òrítamẹ́fà, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí dókítà ọmọdé rí i. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo tó jẹ́ pé awò ojú ló nílò. Mo ti rí èyí tí wọ́n ní ó ya aláìgbọràn, tó jẹ́ pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni. Ibà apọ́njú tó bá le gan-an lára ọmọ tuntun lè ba etí jẹ́, ó sì lè dá cerebral palsy sílẹ̀, ìyẹn ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ dáadáa. Káńfọ̀ tí àwọn ìyá wa ń sọ sáàárín aṣọ ọmọ máa ń dá irú ibà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára rẹ̀. Ẹni tó bá yan ilé ìwé kó tó mọ ohun tó ń ṣe ọmọ, bàtà ló ń rà láìwọn ẹsẹ̀.

Ohun tí mo fi ń wọn ilé ìwé

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi: ta ni yóò jókòó ti ọmọ náà láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì, kí sì ni onítọ̀hún kọ́? Federal College of Education (Special) tí gbogbo wa ń pè ní "Special Ọ̀yọ́", n'Ìbàdàn níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1977 kó tó kó lọ sí Ọ̀yọ́. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kò ṣọ̀wọ́n lágbègbè wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ẹ̀ka nínú. Ẹni tó kọ́ nípa àwọn adití lè má mọ Braille kà, ìwé tí àwọn aláìríran ń fi ìka kà. Ẹni tó mọ Braille dáadáa lè má mọ bí a ti ń fi ara ọmọ tó ní ọ́tíísìmù balẹ̀, ìyẹn ìpèníjà tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tàbí kó bá wọn ṣe. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé "a ní olùkọ́ àkànṣe," ẹ béèrè ẹ̀ka tó ti jáde. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ń wojú ara wọn, ẹ ti rí ìdáhùn.

Lẹ́yìn èyí ni owó, n kò sì sọ ti owó ilé ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà nìkan. Owó ántí tó ń jókòó ti ọmọ ń bẹ. Owó ọkọ̀ ń bẹ, nítorí ọmọ tí ariwo ń dà láàmú kò lè wọ kórópe láti Àpáta dé Bódìjà lójoojúmọ́. Ẹ ó há Mícrà fún un ni. Bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Ike tí a ń kì bọ inú etí, bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni a ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ àkọ́kọ́.

Mo tún máa ń wo àtẹ̀gùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti géètì. Mo máa ń béèrè ibi tí ọmọ ń lọ lẹ́yìn pirámárì kẹfà, nítorí ilé ìwé tó dára tí kò ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, ọgbà ẹ̀wọ̀n olódòdó ni.

Èyí tó kẹ́yìn kan ìgbàgbọ́. Kristẹni ni mí, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń woni sàn. Ṣùgbọ́n ilé ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ fún yín pé ẹ̀mí kan ló ń yọ ọmọ lẹ́nu, tàbí pé kí ẹ dá oògùn wárápá rẹ̀ dúró kí ìgbàgbọ́ yín lè pé, ẹ dìde níbẹ̀. Kí wọ́n gbàdúrà fún un ní àsẹ́ńbílì bí wọ́n ṣe ń gbà á fún ọmọ yòókù, ó tó.

Kíláàsì kan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ sáré sí: ilé ìwé aládàáni tí ìjọ tàbí pásítọ̀ dá sílẹ̀, tí ọmọ yóò wà láàárín àwọn ọmọ yòókù, tí ántí kan yóò sì jókòó tì í. Wọ́n pọ̀ ní Akóbọ̀, wọ́n pọ̀ ní Bódìjà. Tó bá bọ́ sí i, ó dùn púpọ̀. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ kò gbé, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ mú bí abẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìsìn láràárọ̀, wọ́n tilẹ̀ máa ń jà lórí ẹni tó kàn.

Èyí tí kò bọ́ sí i ńkọ́? Àbúrò mi obìnrin ní ọmọ tó ní Down syndrome, ìpèníjà àbímọ́ni tí kì í jẹ́ kí ọmọ tètè mọ nǹkan. Ilé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ gbà á wọlé, wọ́n gba owó ilé ìwé, wọ́n gba owó ántí lọ́tọ̀. Ní ìparí táàmù kejì, àbúrò mi gbé ìwé ọmọ náà wá hàn mí tayọ̀tayọ̀. Ìwé mọ́ tónítóní, lẹ́tà tò gẹ́rẹ́gẹ́ lórí ìlà, bírò pupa ti máàkì gbogbo rẹ̀, "Excellent" lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo fi pẹ́ńsù lé ọmọ náà lọ́wọ́. Kò mọ bí a ti ń dì í mú. Ántí ló ń kọ gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. N kò tilẹ̀ bínú sí ántí náà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì, tó ń retí JAMB ni, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé ìwé ọmọ kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ láìkọ́ ọ ní ohunkóhun ni mo bínú sí.

Owó níbí ló ga jù nínú márààrún, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń san. Ìdánilójú rẹ̀ sì kéré, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbé ètò náà dúró. Bí ántí bá rí yunifásítì wọ̀, ètò tú. Bí wọ́n bá gbé pásítọ̀ tó fẹ́ràn ọmọ yín lọ sí Abẹ́òkúta, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ lè sọ pé òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Òfin wà tó fi de ẹ̀tanú sí àwọn àkàndá, òfin ọdún 2018 tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún àtẹ̀gùn wọn ṣe. Ó dára kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilé ìwé tó jẹ́ pé òfin lẹ fi fipá wọlé, ta ni yóò nu imú ọmọ yín níbẹ̀?

Ilé ìwé tó ń lo ìwé ACE

Àwọn ilé ìwé Kristẹni kan wà tí kì í lo kíláàsì bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Accelerated Christian Education ni wọ́n ń lò, ètò kan tó ti Texas wá ní 1970. Wọ́n pín ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní PACE, méjìlá fún ẹ̀kọ́ kan lọ́dún. Wọn yóò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò fún ọmọ láti mọ ibi tó kù sí, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni tó wà ní ìpele ọmọ ọdún méje nínú ìṣirò. Ọmọ yóò jókòó sí àyè tirẹ̀ tí pákó gbà láàárín, yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá nílò ìrànlọ́wọ́, yóò gbé àsíá kékeré kan sókè.

Ẹ wo bí ó ṣe lè bá ọmọ kan mu. Ọmọ tí iyè rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí kò yára, tí ojú ń tì nítorí pé gbogbo kíláàsì ti kọjá lọ, yóò rí ìsinmi níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan tó ní ọ́tíísìmù tí wọ́n ti mọ̀wé kà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ariwo kò sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kíkà ni gbogbo ètò náà dúró lé. Ọmọ tí kò lè kàwé, tàbí tí lẹ́tà ń yí mọ́ra wọn lójú rẹ̀, inú àpótí pákó ni yóò kàn jókòó sí pẹ̀lú àsíá rẹ̀. Adití kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ìwé ẹ̀rí ètò yìí kì í ṣe WAEC. Bí ọmọ bá máa wọ yunifásítì nílé, ẹ ó tún ṣètò WAEC tàbí NECO fún un lọ́tọ̀.

Yàrá àkànṣe nínú ọgbà ilé ìwé ìjọ

Níbí, ọmọ ní kíláàsì tirẹ̀, ó ní olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n inú ọgbà kan náà ni pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n jọ ń ṣe àsẹ́ńbílì, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń kọrin Kérésìmesì. Owó rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín: ó ju ti ọmọ tí kò ní ìpèníjà lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní san owó ántí lọ́tọ̀.

Lójú tèmi, èyí ló bójú mu jù fún ọmọ kékeré tí ọpọlọ rẹ̀ kò yára tàbí tó ní ọ́tíísìmù tó le díẹ̀. Bóyá mo ń gbè sẹ́yìn ibi tí mo ti ń jẹun, nítorí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àléébù rẹ̀ kì í fara sin fún ẹni tó bá wò ó dáadáa. Àwọn kan sọ yàrá náà di ibi ìkónǹkansí. Adití, ọmọ ọ́tíísìmù, ọmọ cerebral palsy, gbogbo wọn nínú yàrá kan pẹ̀lú olùkọ́ kan, bí ẹni pé oògùn kan ló ń wo gbogbo àrùn. Bí ọmọ bá ju mẹ́jọ lọ fún olùkọ́ kan àti olùrànlọ́wọ́ kan, tí ìpèníjà wọn sì yàtọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò lè ṣe ní ìparí táàmù. Kò yẹ kó jẹ́ "yóò tẹ̀síwájú". Ó yẹ kó jẹ́ irú èyí: yóò tọ́ka sí ife nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé ìwé tó lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn yín fún ọmọ mẹ́ta péré ń ṣiṣẹ́.

Ilé ìwé tí orúkọ ìjọ ṣẹ́kù sí

Láti ìgbà tí Anna Hinderer ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kúdẹ̀tì láàárín ọdún 1850 sí 1860 ni ilé ìwé ìjọ ti wà n'Ìbàdàn. Ìjọba gba púpọ̀ nínú wọn láàárín ọdún 1970 sí 1980. Orúkọ wà lára géètì títí dòní, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń san owó oṣù olùkọ́. Ọ̀kan lára wọn ni Methodist Grammar School ní Bódìjà, tó ní ẹ̀ka fún àwọn adití. Ìjókòdó High School, tí kì í ṣe ti ìjọ, náà ń gba àwọn adití.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn adití, nítorí pé lọ́wọ́ Kristẹni ni iṣẹ́ yìí ti rìn jìnnà jù n'Ìbàdàn. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àrùn mú kó dití ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954. Ó dá iṣẹ́ míṣọ́nnárì sílẹ̀ fún àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní Accra, ní Ghana, ní 1957, ó sì dá ọ̀kan sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960. Èdè ọwọ́ tó bá a wá láti Amẹ́ríkà ló di gbòǹgbò èyí tí àwọn adití wa ń sọ lónìí. Jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló pa á ní Rwanda ní 1987. Àwọn òbí tó ń bẹ̀rù pé èdè ọwọ́ yóò sọ ọmọ wọn di "odi pátápátá", ẹ rántí pé adití ni ọkùnrin yẹn, ó sì dá ilé ìwé sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún òbí adití pé kí wọ́n má jẹ́ kí kíláàsì olówó iyebíye tí ẹ̀rọ amúlétutù wà fa ojú wọn mọ́ra. Ọmọ adití kan ṣoṣo láàárín ọgbọ̀n ọmọ tó ń gbọ́ràn, ó dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹ mú un lọ sí ibi tí adití bí tirẹ̀ pọ̀ sí. Lára ara wọn ni wọ́n ti ń kọ́ èdè, àní ju ti olùkọ́ lọ.

Ní ti owó, kò sí èyí tó rọrùn tó o: ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti fagi lé owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní ilé ìwé ìjọba láti 2019, yúnífọ́ọ̀mù, ìwé àti owó ọkọ̀ ló kù. Ibi tó ti ń dunni ni pé kíláàsì máa ń kún, ìyanṣẹ́lódì lè dé nígbàkígbà, ògbufọ̀ èdè ọwọ́ kì í sì í kárí gbogbo iṣẹ́. Ọmọ lè ní ẹni tó ń túmọ̀ ẹ̀kọ́ Bàíọ́, kó má ní ti Físíìsì. Ẹni tó bá sì ń wá ẹ̀kọ́ Kristẹni gan-an, kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i níbẹ̀. Àsẹ́ńbílì wà, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí àti Kristẹni ló jọ ń kàwé, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ẹ wá ìjọ tó ní ògbufọ̀ lọ́jọ́ Àìkú fún ìyókù.

Ilé ìwé tí ọmọ ń gbé níbẹ̀

Ọmọ tí kò ríran ló sábà máa ń mú kí òbí ronú nípa èyí. Pacelli School ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, tó jẹ́ ti Kátólíìkì, ti ń gba irú wọn láti 1962. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ Braille, tó ń kọ́ bí a ti ń fi ọ̀pá funfun rìn, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì wá kúrò níbẹ̀ lọ bá àwọn tó ríran ní sẹ́kọ́ńdírì. Ọ̀nà rẹ̀ là jáde: WAEC ń ṣe ìbéèrè ní Braille, JAMB náà sì ti ní ètò pàtàkì fún àwọn aláìríran láti 2017.

Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe owó. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ni, àti ọkàn ìyá. Ìbéèrè tó le jù tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ilé ìwé tí ọmọ ń gbé níbẹ̀, èyíkéyìí tó bá jẹ́, ni pé: ta ló ń sùn nítòsí wọn lóru, ta ló ń wẹ̀ fún wọn, ṣé mo lè wá láìsọ tẹ́lẹ̀? Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè ròyìn ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Nítorí ìyẹn, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ọmọ tí kò tíì ní èdè kankan, ti ẹnu tàbí ti ọwọ́, sí ibi tí yóò máa gbé.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ọmọ yín bá dití, ẹ wá ibi tí èdè ọwọ́ wà, ìbáà jẹ́ ti ìjọba. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì ń gbọ́ dáadáa pẹ̀lú ẹ̀rọ, tó sì ti ń sọ̀rọ̀, kíláàsì ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbà á, tí ẹ bá lè máa ra bátìrì. Bí kò bá ríran rárá, Braille ni àkọ́kọ́, kódà bó jẹ́ Èkó. Ẹsẹ̀ nìkan ló ní ìṣòro? Ẹ wo àtẹ̀gùn, ẹ fi í sí ilé ìwé tó sún mọ́ ilé yín. Ọmọ tó ti mọ̀wé kà tí kò kàn yára lè dán ACE wò, bí owó bá wà. Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọpọlọ ọmọ rẹ̀ kò sì yára, èmi ò ní purọ́ fún un pé ọ̀nà rọrùn: kó lọ bá pásítọ̀ tirẹ̀, kó béèrè pé ṣé ìjọ lè san owó oṣù ọmọ Special Ọ̀yọ́ kan fún yàrá kan. Ìjọ tó lè ra gẹnẹrétọ̀ tuntun lè ṣe é.

Ìyá tó fà mí lápá yẹn, yàrá àkànṣe ni mo ní kó wò, kì í ṣe tiwa, torí ó jìnnà sí ilé rẹ̀. A jọ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́wàá, a kò ránṣẹ́ ṣáájú. Olùkọ́ náà ń sin ọmọbìnrin kan bọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò kí wa tán tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọkùnrin náà, kò pe orúkọ rẹ̀, kò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì dúró. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ọmọ náà tó na ọwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ wò mí, ó ní, "Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà."